Ìgò Omi Ṣúgà Tí Mo Ń Gbé Wọlé

                                                  Ilé Bustamante,
                                                  Ẹ̀bá Odò Gbígbẹ,
                                                  Sauceda, Arisónà.
                                                  Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá,
                                                  Oṣù Karùn-ún, ọdún 1991.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Nélida,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ilé ń kọ́? Ọkọ rẹ ń kọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ òògùn? Àwọn ọmọ ń kọ́, pàápàá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ṣé ọmọ tuntun ń mu ọmú dáadáa? Ṣé Ṣikágò ò tíì gbé yín lọ pẹ̀lú atẹ́gùn rẹ̀? Mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kí ológbò rẹ, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ni ilé. Ní tèmi, ara mi le, eyín mi pé, àmọ́ bí o bá rí mi báyìí, o máa rò pé mo ti mu ọtí. N kò mu nǹkan kan o. Kọfí ni mo mu, mo sì mu ún kọjá bó ṣe yẹ. Ibi tí o bá ti rí i pé ìkọ̀wé mi wọ́, ẹ̀rín ló fà á.

Mo mọ̀ ọ́, Nélida. Láti kékeré lo ti máa ń ka ẹ̀yìn ìwé kí o tó ka iwájú rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí. Jókòó, bọ́ bàtà rẹ, kí o sì kà á bí mo ṣe tò ó, torí bí n kò bá sọ ọ́ létòlétò, ariwo lásán ni n ó máa pa lórí ìwé.

Òtútù ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Yìnyín bọ́ ní Sauceda nínú Oṣù Karùn-ún! Kì í ṣe èyí tó máa ń bọ́ sórí òkè lọ́hùn-ún tí a kàn máa ń wò lókèèrè ni mo ń sọ o. Àárín ìlú ló bọ́ sí. Ó bọ́ sórí aṣálẹ̀ wa tó gbẹ táútáú yìí, ó bọ́ sórí àwọn ọrọ́ ńlá tó dúró bí èèyàn lẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo wọn sì dé fìlà funfun. Omi inú abọ́ ajá mi le bí òkúta. Ajá wo omi, ó wò mí, ó tún wo omi. Àwọn tó kánjú gbin ata, ata wọn kú. Àwọn tó ti kó bùláńkẹ́ẹ̀tì sínú àpótí tún kó o jáde, gbogbo wa wá ń rùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì bíi kàfúrà tí a fi ń lé kòkòrò aṣọ. Màmá Eduvigis, aládùúgbò wa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kó àwọn tòlótòló rẹ̀ wọ ilé ìdáná. Ó ní wọ́n mọ̀wà hù ju àwọn ọmọ òun lọ.

Òtútù yìí lé gbogbo ẹyẹ orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Mo ṣí fèrèsé lówùúrọ̀, mo rò pé ojú mi ń tàn mí. Àwọn ẹyẹ pupa fòò tí a máa ń fi gbogbo ọ̀sán gun òkè ká tó rí ẹyọ kan, àwọn ló ń ṣa èérún búrẹ́dì tọtíìyà lẹ́nu ọ̀nà mi. Àwọn àkókó to ara wọn sórí wáyà iná. Àwọn àparò tò tẹ̀lé ara wọn gba àárín títì bí ẹni ń lọ gba oúnjẹ níbi òkú. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ fún mọ́ ara wọn lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, o ò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ asáré wa, èyí tó máa ń fi ẹsẹ̀ sáré nílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀, dúró sórí ògiri mi, ó kẹ̀yìn sí oòrùn, ó tú ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ká kí oòrùn lè dé awọ dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wù mí kí n kẹ̀yìn sí oòrùn bíi tirẹ̀, àmọ́ Màmá Eduvigis ń wò mí.

Àwọn ẹyẹ akùnyùnmù ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìwọ náà mọ̀ bí wọ́n ṣe rí, wọn ò tó àtàǹpàkò, ìyẹ́ wọn ń kùn bí oyin, ẹnu wọn dà bí abẹ́rẹ́, ìbínú wọn sì tó ti màlúù. Bí òtútù bá mú wọn, wọ́n á sùn bí òkú, àwọn mìíràn á dorí kodò lórí ẹ̀ka. Ohun tí Màmá wa máa ń ṣe náà ni gbogbo obìnrin ìlú ń ṣe: à ń já wọn lórí ẹ̀ka bí èso, à ń kó wọn sí àyà, sínú aṣọ, títí ara wọn á fi móoru. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo kó méjì sí àyà lọ sí Máàsì, mo sì gbàgbé wọn síbẹ̀. Fadá wà lórí ọ̀rọ̀ àjíǹde ara nígbà tí ọ̀kan jí. Mo fò dìde, mo ní "Yéè!" Ẹyẹ náà gba ọrùn aṣọ mi yọ, ó yí Fadá po, ó sì lọ ń fi ẹnu gún òdòdó oníke tó wà níwájú ère Màríà. Èkejì tẹ̀lé e. Fadá wò wọ́n títí, ó ní òun ò ní ohun tí òun fẹ́ fi kún ìwàásù òun mọ́, ó sì jókòó.

Omi ṣúgà inú ìgò tí a máa ń so sábẹ́ òrùlé fún wọn ló wá di iṣẹ́ fún wa. Bí o bá fi ìgò sílẹ̀ níta di àárọ̀ nínú òtútù yìí, ó ti dì, àwọn ẹyẹ tí ebi ti pa sùn á wá máa fi ẹnu gún un lásán. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, gbogbo Sauceda á jáde, oníkálukú á já ìgò rẹ̀ lábẹ́ òrùlé, á gbé e wọlé lọ sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Ojú á mọ́, a ó tún gbé e síta. Èmi náà ń gbé tèmi wọlé. Fi ìyẹn sọ́kàn o. Ìrọ̀lẹ́ kan ò kọjá kí n má gbé ìgò mi wọlé, mo sì rò pé ire ni mo ń ṣe.

Ó yá, ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀. O rántí Harlan Tuckett, àbí? Ọkùnrin gíga yẹn tó ń wa katapílà tí wọ́n fi ń tẹ́ ọ̀nà, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa lódìkejì odò gbígbẹ. Ọdún tí Anselmo ọkọ mi kú ni Verna ìyàwó rẹ̀ náà kú. Ó ti fẹ̀yìn tì, àwọn àdán ló sì wá sọ di iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti dé láti Mẹ́síkò lọ́dọọdún láti wá mu oje òdòdó ọrọ́, á gbé garawa kan lọ síwájú ihò ìwakùsà àtijọ́ tó wà lórí òkè, á dojú rẹ̀ dé, á jókòó lé e, á gbé awò tó ń fa nǹkan jíjìn mọ́ra sójú, á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tú jáde. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló wà lára àdán tí èèyàn á máa wò. Ó ní kí n fara balẹ̀ wo ojú wọn bí wọ́n bá ti inú òdòdó ọrọ́ yọ, ó ní gbogbo rẹ̀ á ti kún fún lẹ́búlẹ́bú òdòdó bí ojú ọmọ tó lọ jí àkàrà òyìnbó jẹ. Mo wò ó pé ọkùnrin tó lè sọ ohun rere báyìí nípa àdán, ó ṣeé ṣe kó rí nǹkan sọ nípa tèmi náà.

Nínú Oṣù Kejì ló gun òrùlé mi láti kan páànù tó ń jò. Èmi ni mo di àkàbà mú nísàlẹ̀. Ó yọ ìṣó kúrò lẹ́nu, ó ní, "Ofelia, mo ti ń rò ó. Ó jọ pé ó yẹ kí àwa méjèèjì fẹ́ ara wa." Ó dá ìṣó padà sẹ́nu. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn o, bí ẹni ń sọ pé páànù ò ní tó.

Ìwọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ sá lọ. Ohun kan ṣoṣo tó bọ́ lẹ́nu mi ni, "Nígbà tí àwọn àdán bá dé ìdí ìgò mi."

O ti kúrò nílé pẹ́, àmọ́ n kò rò pé o lè gbàgbé ohun tí ìyẹn jẹ́ ní Sauceda. Bàbá wa ò sọ Oṣù Karùn-ún rí láyé rẹ̀, "bí àdán bá dé" ló máa ń sọ. Bí àdán bá dé ni à ń gbin ata, nígbà náà là ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì, nígbà náà ni Bàbá á tún ilẹ̀kùn ṣe. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sì fi àdán dá, kì í yí i padà. Kò ní ṣe é ṣáájú, kò ní ṣe é lẹ́yìn. Omi ṣúgà tí ẹyẹ ń mu lọ́sàn-án, àwọn àdán ló ń mu ún lóru. Bí o bá bá ìgò rẹ láàárọ̀ tó gbẹ, tí ara rẹ̀ ń lẹ̀, o ti mọ̀ pé ọjọ́ pé, kí o dìde lọ ṣe ohun tí o ṣèlérí. Màmá Eduvigis sì wà lẹ́yìn ọgbà lọ́jọ́ náà, tó ń díbọ́n pé òun ń ṣa igi. Kí n tó gbé ẹ̀wà kalẹ̀ lórí iná, gbogbo ìlú ti gbọ́.

Mo ń gbọ́ ohùn rẹ láti ibí, "Kí ló ṣe ẹ̀gbọ́n mi tí ò kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni?" Ojú ló tì mí, Nélida. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo di àkàbà mú, mo ń wo ilẹ̀ bí ọmọge. Mo fẹ́ ẹ. Mo ti fẹ́ ẹ láti ọjọ́ tó sín nínú ọgbà mi, tó sì yíjú sí ajá mi, tó ní kó má bínú. Mo kàn rò pé ìgbà díẹ̀ ló kù, n ó fi tún aṣọ mi rán, n ó fi mọ́ra. Ta ló mọ̀ pé òtútù máa dé?

Ohun tó wá mú kí ọkàn mi má balẹ̀ ni Joyce, ọmọbìnrin Harlan tó ń gbé ní Ọ́rígọ̀n. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ bàbá rẹ̀ kó wá máa bá òun gbé. Harlan sọ fún un pé kó gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá ní Àbámẹ́ta tó kọjá yìí, pé bí nǹkan kan ò bá dá òun dúró ní Sauceda nígbà náà, òun á kó ẹrù òun tẹ̀lé e. "Nǹkan kan" yẹn, èmi ni. Ọjọ́ ń lọ, òdòdó ọrọ́ kọ̀ kò là, ojú ọ̀run funfun bí ẹyin. Gbogbo àárọ̀ ni mo ń dúró létí odò gbígbẹ, tí n ó ké sí i lódìkejì:

"Harlan! Àwọn èèyàn rẹ ń kọ́?"

"Wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ, Ofelia."

Á wo bàtà rẹ̀, á wọlé. Mo rò pé òtútù ló ń mú un.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí ojú tó mọ́ tán, mo gbọ́ gbà-gbà-gbà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ofelia! Ìwọ ọmọ Bustamante! O ṣì ń sùn? Wọ́n ti dé o!"

"Ta ló dé, Màmá?"

"Àwọn àdán kẹ̀! Mo fi ìgò mi sílẹ̀ níta lánàá, wò ó, wọ́n mu ún gbẹ! Lọ wẹ̀, kí o lọ fẹ́ ọkùnrin náà kíá. Mo fẹ́ jó kí n tó kú, orúnkún mi ò lè dúró de yín mọ́."

Mo wọ bàtà òdì, mo sáré lọ pe Harlan. Ó dé, ó gba ìgò náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi ìka ra ẹnu rẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣé o. Àmọ́ àdán kì í jẹun bí ọmọlúàbí báyìí. Wọ́n máa ń dà á sí ara ìgò ni, wọ́n á fi lẹ́búlẹ́bú kùn ún, wọ́n á ṣu yí ilẹ̀ ká. Èyí mọ́ tónítóní."

"Àwọn àdán tèmi ní ẹ̀kọ́ ilé."

"Ìgò náà ṣì ń móoru, Màmá."

Màmá Eduvigis wo ojú ọ̀run, ó wo ilẹ̀. Ó ní kí a má dá òun lóhùn, pé kọfí tí òun mu láàárọ̀ yẹn dùn gan-an, ìyẹn ni òun lè sọ. Inú kọfí rẹ̀ ni omi ṣúgà náà wọ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Harlan náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wò mí, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé, ó sì sọdá odò padà sílé rẹ̀. Èmi wọlé, mo jókòó ti sítóòfù, mo sunkún díẹ̀. Ìgò omi ṣúgà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, tó ń gbóná jẹ́jẹ́, ọgbọ́n ibẹ̀ kò sì wọ̀ mí lórí rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé, ìyẹn lánàá. Joyce dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó ga bíi bàbá rẹ̀, ó wá kí mi, ó kúnlẹ̀ kí ajá mi pàápàá. N kò lè bínú sí i, ìyẹn sì tún bí mi nínú. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí. N kò fẹ́ rí i bí wọ́n ṣe ń gbé àga rẹ̀ jáde. Mo yan tọtíìyà, mo se ẹ̀wà, mo bọ ẹyin, torí kò sí bí mo ṣe lè jẹ́ kí ọkùnrin yẹn fi ebi rin ìrìn-àjò dé Ọ́rígọ̀n. Ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́ nígbà tí mo rántí pé n kò ní aṣọ tí n ó fi di oúnjẹ náà. Aṣọ tábìlì funfun tí Màmá wa fi òwú ṣe ọnà sí, mo ti fọ̀ ọ́ ní àárín ọ̀sẹ̀ nígbà tí oòrùn yọ díẹ̀, ó sì dì gbagidi lórí okùn, mo bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo jáde lọ já a. Nélida, gbogbo ara aṣọ náà ló ní àbàwọ́n! Tó-tò-tó, aláwọ̀ ìyeyè, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo figbe ta pé, "Màmá Eduvigis, àwọn tòlótòló yín!" Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Tòlótòló wo ló ń fò gorí okùn, ìwọ ọmọ yìí?" Mo gbé aṣọ náà sún mọ́ imú. Òórùn òdòdó ọrọ́ ni. Nísàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún, níbi tí òtútù ò dé, òdòdó ti là, àwọn kan sì ti lọ jẹ ẹ́, wọ́n fò gba orí ilé mi wá wá ìgò tí wọ́n máa ń mu lọ́dọọdún, wọn ò rí i, wọ́n ṣu sára aṣọ ìyá mi, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọ́n ti dé! Bóyá ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti ń wá. Èmi ni mo gbé ìgò wọlé!

Mo dúró gbọnyin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò ṣeé dá dúró. Ìgbà yẹn gan-an ni mo gbọ́ ọkọ̀ akẹ́rù Joyce, ó ti tanná.

Tó bá jẹ́ pé o rí mi, o ì bá ní èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo já ìgò mi lábẹ́ òrùlé, ẹyẹ akùnyùnmù kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń mu, kò sì fẹ́ kúrò. Mo sáré. Mo wọ bàtà òjò Anselmo, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, mo gba inú odò gbígbẹ kọjá, omi ṣúgà ń dà wọ inú apá aṣọ mi, ẹyẹ ń fò tẹ̀lé mi tó ń bú mi ní èdè rẹ̀. Mo yọ sójú títì, mo dúró síwájú ọkọ̀ náà, mo na ìgò sókè.

Joyce yọrí. "Mà, ṣé kò sí o? Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà orí òkè máa tó di yìnyín, ó máa yọ̀."

"Ẹ dúró!"

"Títí dìgbà wo, mà?"

"Títí n ó fi sọ pé ó tó!"

Màmá Eduvigis ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, pẹ̀lú tòlótòló kan lábíyá. "Má gbọ̀n, Ofelia! Di ìgò náà mú dáadáa, ò ń da ṣúgà nù!"

Harlan jókòó nínú ọkọ̀, ó ń wò mí gba inú gíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀run, pupa díẹ̀ lẹ́yìn òkè, kò sí àdán kankan tó máa ń jáde nírú àkókò yẹn. Apá ń ro mí. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, Ofelia, o ti ya wèrè níṣojú gbogbo ayé, o ò ní lè lọ sí Máàsì mọ́.

Ebi òtútù ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ebi ti pa wọ́n débi pé wọn ò dúró kí ilẹ̀ ṣú. Mo gbọ́ fìì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Ọ̀kan dé, ó dúró lójú afẹ́fẹ́ níwájú ọwọ́ mi, ó ki ahọ́n gígùn rẹ̀ bọ ẹnu ìgò, ó lọ. Òmíràn dé. Òmíràn tún dé. Ojú wọn rí gẹ́lẹ́ bí Harlan ṣe wí, wọ́n kún fún lẹ́búlẹ́bú títí dé etí! Akùnyùnmù náà kò sì tíì lọ o. Ó fẹ́ bá wọn jà. Ẹyẹ mu, àdán mu, ẹyẹ lé àdán, àdán yí padà, gbogbo wọn lórí ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà. A ò rí irú rẹ̀ rí ní Sauceda. Mo ké bí ọmọdé.

Harlan ti sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró síwájú mi, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Mo sọ ọ́ kó tó la ẹnu. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni! Harlan, bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà!"

Joyce náà ti bọ́ sílẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Dádì, ṣé àwọn tí ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ rí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí?"

Gbogbo wa yíjú sí Harlan. Tòlótòló pàápàá yíjú sí i.

Mo ní, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wo?"

Harlan yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Mo rí wọn lẹ́nu ihò ìwakùsà."

"O mọ̀ pé wọ́n ti dé? Mò ń bi ọ́ lójoojúmọ́, o mọ̀, ò ń wo bàtà?"

"Ìdí ìgò rẹ lo ní kí wọ́n dé, Ofelia. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dúró lódìkejì. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń rí ọ, o á jáde, o á wo ojú ọ̀run, o á gbé ìgò náà wọlé, o á ti ilẹ̀kùn. Mo ní, ó dáa. Obìnrin náà ti dá mi lóhùn."

"Harlan! Nítorí àwọn ẹyẹ ni! Gbogbo Sauceda ló ń gbé ìgò wọlé!"

"Kì í ṣe gbogbo Sauceda ni mo ní kó fẹ́ mi."

Nélida, mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá a létí ni tàbí kí n dì mọ́ ọn. Mo ṣe méjèèjì. Mo fi fìlà rẹ̀ gbá a léjìká, mo sì dì mọ́ ọn, ìgò wà láàárín wa, omi ṣúgà dà sí i láyà, àdán kan sì tẹ̀lé e dé ibẹ̀. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yìí wá ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rìn ní ìgìgìrì. Joyce pa iná ọkọ̀. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé lásán ni òun wakọ̀ láti Ọ́rígọ̀n wá nìyí. Màmá Eduvigis ní kí a ṣe kíá, òtútù ń mú òun, ṣé a máa jó ni tàbí a ò ní jó? Ó gbé tòlótòló rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jó díẹ̀ kó tó wọlé.

Garawa rẹ̀ la kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Oúnjẹ ìrìn-àjò náà, inú ilé mi la ti jẹ ẹ́, lórí aṣọ tábìlì Màmá wa pẹ̀lú gbogbo àbàwọ́n rẹ̀. N kò ní fọ̀ ọ́. Orí rẹ̀ la ó ti jẹun ìgbéyàwó. Fadá ti kéde wa láàárọ̀ yìí, ó sì bẹ̀ mí níwájú gbogbo ìjọ pé lọ́jọ́ náà kí n má kó nǹkan kan sí àyà. Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù yìí ni. Joyce ò padà mọ́ títí di ìgbà náà, yàrá rẹ àtijọ́ ló wà, gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ń rùn bíi kàfúrà ló fi bora. Ìwọ náà gbọ́dọ̀ wá, n kò fẹ́ gbọ́ àwáwí orúnkún ọkọ rẹ, gbé òun àti orúnkún náà bọ̀. Mú ìborùn Màmá wa dání, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Mo fẹ́ fi borí.

Bá mi kí gbogbo àwọn ọmọ. Fi ẹnu ko ọmọ tuntun lẹ́nu fún mi. Màmá Eduvigis ní kí n kí ọ, ó ní òun ò fi kọfí òun ṣeré, pé òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Harlan náà ní kí n kí ọ. Mo ní kí ni kí n sọ fún ọ, ó rò ó títí, ó ní kí n sọ pé "ẹ kú òtútù."

Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú báyìí. Rédíò ní yìnyín á tún bọ́ lálẹ́ òní. Mo ti po omi ṣúgà ọ̀tọ̀ fún àwọn ẹyẹ, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù fún oúnjẹ àárọ̀ wọn. Ibi tí mo jókòó sí yìí, mo ń rí Harlan lódìkejì odò, lórí garawa rẹ̀, ó ti wọ aṣọ òtútù dé etí, kò kọjú sí òkè mọ́, ilé mi ló ń wò. Mo jáde lẹ́ẹ̀kan, mo wo ojú ọ̀run, mo rí i tó dìde dúró. Mo wọlé padà pẹ̀lú ọwọ́ méjì tó ṣófo. Ìgò wà níta.

                                                  Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí apá aṣọ rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ fún ṣúgà,
                                                  Ofelia.